Owó inú àpótí kọ́ ni èrè: ìṣirò owó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù

Ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, òróró àti àwọn nǹkan inú páálí bíi Indomie àti mílíìkì, irú èyí tó kún àdúgbò wa láti Ìbàdàn títí dé Ìkòròdú. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọlọ́jà ka gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ àti èyí tó wà ní bánkì. Nígbà tí oṣù parí, ó tún un kà, ₦1,500 péré ló fi dín. Láàárín ìgbà yẹn, ó ti sanwó fún ọmọ tó ń bá a tajà, ó ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ti gbọ́ bùkátà ilé, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lójú rẹ̀, ọjà ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti jẹ ₦26,500 nínú ojú owó rẹ̀ lóṣù yẹn. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí alẹ́ẹ̀tì irọ́, ọjà kankan kò sì bàjẹ́.

Owó lè kún inú àpótí kí ojú owó máa tán lọ. Ó sì lè jẹ́ pé èrè wà dáadáa, kí ẹ má rí ₦5,000 tí ẹ máa fi ra ọjà. Ìwé owó ojoojúmọ́, ìwé àwìn, ìwé ọjà, àti ojú ewé kan ṣoṣo níparí oṣù ló máa jẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀ náà. Àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ, torí ọjà kì í dúró sójú kan. Ẹ fi iye ti ọjà yín rọ́pò wọn.

Àpò ilé, àpò ọjà

Kí ẹ tó ra ìwé rárá, ẹ ya owó ọjà kúrò lára owó ilé. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn tí owó ọjà nìkan á máa wọ̀. Ẹni tó bá ti fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC lè fi orúkọ yẹn ṣí i. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí èkejì, kó ṣáà má jẹ́ èyí tí wọ́n ń san owó aṣọ ẹbí sí. Bí owó méjèèjì bá ti dàpọ̀, kò sí ìwé tó máa yà wọ́n mọ́. Agbọ̀n lẹ fi ń pọn omi yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá iye kan fún ara yín, ká ní ₦30,000 lọ́sẹ̀, kí ẹ máa mú un lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé "owó tí ọlọ́jà mú". Ìyẹn sàn fíìfíì ju ₦1,000 fún owó ọbẹ̀, ₦500 fún ọ̀kadà àti ₦2,000 fún káàdì fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Ọjà tí ẹ gbé lọ sílé náà jẹ́ owó tí ẹ mú. Ẹ kọ ọ́ ní iye tí ẹ rà á, ẹ má kọ ọ́ ní iye tí ẹ ń tà á. Bí ẹ kò bá kọ Indomie tí àwọn ọmọ ń mú lójoojúmọ́, tí ẹ bá wá ka ọjà níparí oṣù, ọmọ tó ń bá yín tajà ni ẹ máa fura sí.

Ìwé ojoojúmọ́

Ìwé tó ní èèpo líle, tí ojú ewé rẹ̀ fẹ̀, ti tó. Ẹ fa ìlà kí ojú ewé pín sí ọ̀nà mẹ́fà: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé lọ́wọ́, owó tó jáde lọ́wọ́, owó tó wọ bánkì, owó tó jáde ní bánkì. Ìdí tí a fi ya ti ọwọ́ sọ́tọ̀ sí ti bánkì ni pé àpótí nìkan lẹ lè kà lálẹ́; ti bánkì ní ìwé tirẹ̀ tí ẹ máa fi wé e. Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan péré lé e lórí kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n fà ya àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ló ń sọ ìwé di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà gbọ́, títí kan ẹni tó kọ ọ́.

Kò pọn dandan kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ọṣẹ ₦200 tó bá jáde. Ẹ fi bébà kan sórí káńtà, kí ẹ máa kọ iye nìkan bí ẹ ṣe ń tà, kí ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀ lálẹ́, kí ẹ gbé àpapọ̀ rẹ̀ lọ sínú ìwé. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀ọ́kọ fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún kóńgò kan, wọ́n sì mọ iye tó jáde. Ẹni tó ní fóònù olówó ńlá lọ́wọ́, tí kò lè sọ iye tó tà lánàá, kò tíì tó ògiri yẹn.

Lálẹ́, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣe ìṣirò yìí:

Owó ṣéńjì tó wà nílẹ̀ láàárọ̀: ₦15,000
Ọjà tí a tà, tí wọ́n san owó lọ́wọ́: ₦86,400
Ẹni tó jẹ gbèsè tó wá san: ₦7,500
Àpapọ̀: ₦108,900

Owó náílọ̀nù: ₦2,200
Epo jẹnẹrétọ̀: ₦5,000
Àjọ: ₦3,000
Owó tí ọlọ́jà mú: ₦10,000
Àpapọ̀ tó jáde: ₦20,200

Iye tó yẹ kó wà nínú àpótí: ₦88,700

Ẹ wá ka owó náà. Ó jẹ́ ₦87,200. Ó dín ní ₦1,500. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè, ẹ kọ́kọ́ wo ìnáwó tí ẹ gbàgbé, pàápàá owó alábàárù àti owó ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́jà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan san tíráńsífà tí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ owó ọwọ́, tàbí ẹnì kan gbé ọjà láwìn tí ẹ kọ ọ́ bíi pé ó sanwó. Ṣéńjì tí ẹ fún ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ ló kù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ "₦1,500 dín" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀la pẹ̀lú iye tí ẹ kà gan-an. Ẹ má ṣe yọ owó láti àpò ara yín fi dí i kí ìwé lè gún. Àkọsílẹ̀ owó tó dín yẹn ló máa fi hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lọ sọ́jà ló ń ṣẹlẹ̀. Owó tó bá lé náà jẹ́ àṣìṣe: ọjà kan wà tí ẹ tà tí ẹ kò kọ, tàbí oníbàárà kan ti gbàgbé ṣéńjì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjọ yẹn ń ru ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Owó tí ẹ fún alájọ kì í ṣe ìnáwó. Owó yín ṣì ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Bí ẹ bá ń dá ₦3,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ ó gba ₦90,000. ₦3,000 tó mú yẹn nìkan ni ìnáwó. Ẹni tó bá kọ ₦93,000 bí ìnáwó máa rò pé òun pàdánù. Ẹni tó bá wá kọ ₦90,000 tó gbà bí ọjà tó tà máa rò pé òun ti lówó. Irú rẹ̀ náà ni owó tí ẹ yá: bó bá wọlé, kì í ṣe ọjà tí ẹ tà, bí ẹ bá sì ń san án padà, èlé orí rẹ̀ nìkan ni ìnáwó.

Tíráńsífà àti POS

Ẹ má fi ọjà sílẹ̀ nítorí alẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀, kódà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó wọ fóònù tiyín. Ẹ ṣí áàpù bánkì, kí ẹ rí i pé iye tó wà nínú àkáǹtì ti gòkè. Kí ẹ kọ orúkọ tó jáde lórí tíráńsífà náà, iye, àti àkókò. Orúkọ yẹn lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó dúró níwájú yín, torí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ló lè fi owó ránṣẹ́. Ẹ kọ méjèèjì.

Ní ti POS, iye tí oníbàárà san ni ọjà tí ẹ tà, kì í ṣe iye tó dé bánkì. Bí ó bá san ₦20,000, tí bánkì yọ 0.5% níbẹ̀, ₦19,900 ló máa wọlé. Ẹ kọ ₦20,000 sí ọjà tí ẹ tà, kí ẹ kọ ₦100 sí ìnáwó bánkì. Ẹni tó ń kọ ₦19,900 ń fi owó bánkì pa mọ́ fún ara rẹ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé iye tí ẹ̀rọ yẹn ń jẹ lọ́dún. Kí ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún "owó tí à ń retí": àwọn tí wọ́n ti yọ owó wọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí nẹ́tíwọ̀kì tàbí nítorí pé POS kan kì í san owó títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì bánkì, kí ẹ fi ìlà kékeré sàmì sí gbogbo èyí tó bá ìwé yín mu. Èyí tí kò ní àmì ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Owó ₦50 lórí tíráńsífà tó bá tó ₦10,000 sókè àti owó SMS wà lára ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kọ.

Àwìn

Oníbàárà kan, ojú ewé kan: orúkọ àti orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́, ohun tó gbé, iye rẹ̀, ọjọ́ tó dá, iye tó san, iye tó kù. "Ìyá Ṣadé" nìkan kò tó, torí Ìyá Ṣadé mẹ́ta lè wà ládùúgbò, gbogbo wọn á sì ní àwọn kọ́. Ẹ jẹ́ kó rí yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ìwé àwìn ti ń da ìṣirò rú ni kíka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan bá gbé kóńgò ìrẹsì márùn-ún ní ₦13,500 láwìn lọ́jọ́ 3 oṣù, ọjọ́ yẹn ni ẹ tà á. Nígbà tó bá san án lọ́jọ́ 20, owó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ kò ta nǹkan kan. Ìdí nìyí tí "ẹni tó jẹ gbèsè tó wá san" fi ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò alẹ́.

Níparí oṣù, ẹ pín àwìn sí mẹ́ta: èyí tí kò tíì pé ọjọ́ 30, èyí tó wà láàárín ọjọ́ 30 sí 90, àti èyí tó ti ré kọjá ọjọ́ 90. Ẹ̀kẹta yìí, ẹ kà á sí òfò nínú ìṣirò yín, ṣùgbọ́n ẹ má pa á rẹ́ nínú ìwé. Bó bá san án lọ́jọ́ kan, ayọ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, tí àpapọ̀ àwìn bá ti tó èrè oṣù kan, ó ti tó kí ẹ dáwọ́ dúró, ẹni yòówù kó wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé kan náà ni kí ẹ kọ gbèsè tí ẹ̀yin jẹ àwọn tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ wọn sí.

Iye tí èènì ń jẹ

Ẹ ra àpò ìrẹsì kan ní ₦80,000. Ọkọ̀ gba ₦1,500, alábàárù gba ₦500. ₦82,000 ni àpò yẹn, kì í ṣe ₦80,000. Ẹni tí kò bá gbé owó ọkọ̀ lé ọjà lórí ti dín èrè ara rẹ̀ kù kó tó tú okùn àpò. Bí ọkọ̀ kan bá kó oríṣiríṣi ọjà, ẹ pín owó ọkọ̀ náà bí ẹrù kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.

Ká ní àpò yẹn jẹ́ kóńgò 33. Ẹ má gba iye yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ fi kóńgò tiyín wọn àpò kan látòkè dé ilẹ̀, torí kóńgò kò dọ́gba, ìrẹsì tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ kò sì kún bákan náà. ₦82,000 tí a pín sí 33 jẹ́ bíi ₦2,485. Bí ẹ bá ń ta kóńgò kan ní ₦2,700, àpò náà máa mú ₦89,100 wá, èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦7,100.

Èènì wá dé. Ẹ̀kúnwọ́ kan fún Ìyá Ṣadé, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọmọ tó kí yín dáadáa, títí dé ìsàlẹ̀ àpò. Dípò 33, kóńgò 31 lẹ rí tà. ₦83,700 ló wọlé. Èrè ti di ₦1,700. Kóńgò méjì péré ló lọ, ṣùgbọ́n ó ti kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èrè lọ, ó sì lé. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má fi èènì sí i. Bí ẹ kò bá fi sí i, ta ló máa padà wá? Ẹ kàn kọ́kọ́ gbé e sínú iye tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá mọ̀ pé 31 lẹ máa rí tà, kóńgò kan jẹ́ ₦2,645 fún yín, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrè.

Ọ̀tọ̀ ni iye tí ẹ máa fi rà á padà. Bí ọjà bá ti gbówó lórí kí àpò náà tó tán, tí àpò tuntun di ₦88,000, pẹ̀lú ọkọ̀ àti alábàárù ó di ₦90,000. ₦89,100 tí ẹ rí lórí ti àkọ́kọ́ kò lè ra òmíràn. Ìwé máa sọ pé ẹ jèrè ₦7,100, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ti fẹ́ kéré sí i. Nínú ìwé, iye tí ẹ rà á ni kí ẹ máa kọ. Tí ẹ bá ń dá iye tí ẹ máa tà á, iye tó wà lọ́jà lónìí ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ẹ rà ní ₦1,000, tí ẹ fi ìdá 20 lé lórí, ₦1,200 lẹ máa tà á. Bí oníbàárà bá wá ní kí ẹ yọ ìdá 20 fún òun, tí ẹ gbà, ₦960 ló máa san, ẹ ti pàdánù ₦40, torí ìdá 20 lórí ₦1,200 jẹ́ ₦240.

Kíka ọjà

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan á máa kà, ẹnì kejì á máa kọ. Àpò tí ẹ ti tú, ẹ fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Páálí tí ẹ ti já, ẹ ka èyí tó kù nínú rẹ̀. Iye tí ẹ rà á, pẹ̀lú owó ọkọ̀, ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fi iye tí ẹ ń tà á ṣírò, ẹ ti ń jẹ èrè ọjà tí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọjà tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ, òdo ni. Ọjà tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì wá gbé kì í ṣe tiyín mọ́, ẹ má kà á.

Fún àwọn ọjà tó ń tètè tà, bíi Indomie àti mílíìkì, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú iye páálí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi èyí tí ẹ rà kún un, ẹ yọ èyí tí ẹ tà kúrò. Bí ìwé bá sọ pé 14 ló yẹ kó wà, tó jẹ́ pé 12 lẹ rí, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ máa wò padà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ojú ewé ìparí oṣù

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù jẹ́ ₦640,000. Ó ra ọjà ₦1,870,000 pẹ̀lú owó ọkọ̀. Èyí tó kù nílẹ̀ níparí oṣù jẹ́ ₦590,000. Nítorí náà, ọjà tó kúrò nílẹ̀, ní iye tó rà á, jẹ́ ₦640,000 àti ₦1,870,000, ká yọ ₦590,000 kúrò: ₦1,920,000.

Ó ta ₦1,385,000 lówó ọwọ́, ₦670,000 nípasẹ̀ tíráńsífà àti POS, ₦165,000 láwìn. Àpapọ̀ jẹ́ ₦2,220,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦300,000.

Ìnáwó ló kàn. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ó sì ti san án tẹ́lẹ̀. Ti oṣù kan jẹ́ ₦30,000. Ọ̀pọ̀ máa ń fo èyí nítorí pé owó kankan kò jáde lóṣù náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sá fún lánlọ́ọ̀dù tí ọdún bá pé. Ọmọ tó ń bá a tajà gba ₦50,000. Iná àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦38,000, náílọ̀nù ₦11,000, alájọ ₦3,000, bánkì ₦6,500, owó ẹgbẹ́ ọjà àti ilẹ̀ gbígbá ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦146,500. Èrè tó kù sílẹ̀ jẹ́ ₦153,500.

(Bó bá ra fírísà ₦300,000, kò ní kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó oṣù kan. Bó bá rò pé á lo ọdún márùn-ún, ₦5,000 ni yóò máa kọ lóṣooṣù fún oṣù 60. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò ní fírísà.)

Ọlọ́jà mú ₦180,000 lóṣù náà. Èrè jẹ́ ₦153,500. ₦26,500 tó lé jáde láti inú ojú owó.

Kí ló dé tí àpótí kò fi hàn án? Ẹ wo bí owó ṣe rìn. ₦1,385,000 àti ₦670,000 wọlé, àwọn tó jẹ gbèsè sì san ₦110,000, àpapọ̀ ₦2,165,000. Ó fi ₦1,870,000 ra ọjà, ó ná ₦116,500 (a ti yọ owó ṣọ́ọ̀bù tí ó ti san tẹ́lẹ̀), ó mú ₦180,000. Èyí tó jáde jẹ́ ₦2,166,500. ₦1,500 péré ni ìyàtọ̀. Ibòmíràn ni ojú owó ti ń jò. Ọjà ilẹ̀ ti fi ₦50,000 dín. Owó ṣọ́ọ̀bù tó ti san sílẹ̀ ti fi ₦30,000 dín, torí ó ti gbé oṣù kan nínú rẹ̀. Àwìn tó wà níta ti fi ₦55,000 lé, ìyẹn ₦165,000 tí ó tà ká yọ ₦110,000 tó gbà. Ẹ ṣírò ₦1,500, ₦50,000 àti ₦30,000 pọ̀, ẹ yọ ₦55,000 kúrò: ₦26,500 gééré. Bí tiyín kò bá bára mu báyìí, ẹ padà sínú ìwé ojoojúmọ́, nǹkan kan wà tí ẹ kò kọ. Ẹni tó bá ń sáré lé ₦1,500 tó dín nínú àpótí, tó fi ₦50,000 ọjà tó dín lórí pẹpẹ sílẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ojú ewé yìí náà ni ààbò yín lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ọjà bá ń lọ báyìí títí ọdún fi yí po, ₦26,640,000 lẹ máa tà, ṣùgbọ́n èrè kò ju ₦1,842,000 lọ. Nínú òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Ìdá 15 lórí ₦1,042,000 tó kù jẹ́ ₦156,300, kí a tó yọ àwọn ohun tí òfin gbà láyè láti yọ. Kọ́ńpìnì tí òfin kà sí kékeré kì í san owó orí kọ́ńpìnì. Ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sí, òṣìṣẹ́ owó orí ní àṣẹ láti fojú díwọ̀n iye tó yẹ kí ẹ san, ohun tó sì sábà máa ń rí ni owó tó wọ bánkì. Ẹ fi àpòòwé 12 sílẹ̀ fún ọdún kan, ọ̀kan fún oṣù kan, kí ẹ máa kó rìsíìtì sínú wọn, kí ẹ tọ́jú wọn fún ọdún 6. Rìsíìtì POS máa ń ṣá, láàárín oṣù díẹ̀ bébà funfun ló máa kù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tàbí kí ẹ ṣe fọ́tókópì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Ní ti ọlọ́jà yẹn, ó lè dín owó tó ń mú kù sí ₦150,000, kí ojú owó lè simi. Bó bá takú pé ₦180,000 lòun nílò, èrè orí ọjà gbọ́dọ̀ di ₦326,500. Bí èrè rẹ̀ ṣe rí báyìí, bíi ₦13.50 lórí ₦100 tó bá tà, ìyẹn túmọ̀ sí pé á ta bíi ₦2,416,100. Àfikún ₦196,100 nìyẹn lóṣù, bíi ₦7,500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26 tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí, kó má sì jẹ́ láwìn.